Ọmọrí Igbá Ìyá Mi: Ọjọ́ Mẹ́fà Láàárín Àwọn Oníṣẹ́ Ọnà Ọ̀yọ́

Ọjọ́ Ajé

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi dé gárééjì ní Bérgà. Báàgì aṣọ mi wà lẹ́sẹ̀, èyí tó wà lórí itan mi ni mo ń ṣọ́: ọmọrí igbá kan, tí mo fi ìró méjì wé, tí mo tún fi tówẹ̀lì dì lé e. Awakọ̀ bi mí bóyá ẹyin ni. Mo ní ó ju ẹyin lọ.

Nígbà tí wọ́n ń gbé màmá mi relé ọkọ ní Ọ̀yọ́, igbá fínfín wà lára ẹrù ìyàwó tí wọ́n gbé tẹ̀lé wọn, igbá àti ọmọrí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí mi kó lọ sí Èkó, ẹnì kan gbé àpótí lé e nínú ọkọ̀, igbá sì fọ́ yángá. Ọmọrí nìkan ló yè. Láti ìgbà náà ni màmá ti ń fi í bo ẹ̀gúsí, ẹni tó bá sì já a lulẹ̀ nínú àwa ọmọ, kò sí ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní oṣù Kẹrin yìí ni wọ́n máa pé 70 ọdún. Mo fẹ́ kí igbá wà lábẹ́ ọmọrí yẹn lọ́jọ́ náà.

Ìdí kejì tí mo fi wá jẹ mọ́ iṣẹ́ mi. Iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama l'Ékòó. Lọ́dọọdún ni mo ń kó wọn lọ sí mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ ní Oníkan, èyí tí wọ́n ṣí ní 1957. Mọ́tò tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní 1976 ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sáré lọ wò, ihò ọta ṣì wà lára rẹ̀. Ní 2025, nígbà tí ìjọba Netherlands dá iṣẹ́ ọnà Benin 119, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897, padà fún Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yẹn gbà wá lọ́kàn fún sáà ẹ̀kọ́ kan gbáko. A yọ̀, ó sì yẹ kí a yọ̀. Ṣùgbọ́n ní gálárì mìíràn tí a lọ lẹ́yìn ìyẹn, a rí igbá fínfín kan nínú dígí. Wọ́n kọ "Yorùbá" sábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ "igbá", wọ́n wá kọ ọ́ pé a kò mọ ẹni tó ṣe é. Ọmọ ọdún 13 kan nínú kíláàsì mi wò ó títí, ó ní, "Mà, ṣé wọ́n bi àwọn ará Ọ̀yọ́ ni?"

Mi ò rí èsì fún un. Èsì yẹn ni mo wá wá.

A pààrọ̀ ọkọ̀ ní Ìbàdàn, ọ̀sán sì ti pọ́n nígbà tí a wọ Owódé ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n kì mí títí omijé fi bọ́ lójú mi, wọ́n wá ní kí n tú ẹrù mi. Bí wọ́n ṣe rí ọmọrí báyìí, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ojú ọnà rẹ̀ yípo.

"Orí èmi gan-an nigbá yìí wà lọ́jọ́ yẹn," wọ́n ní. "Obì, orógbó àti ataare ló wà nínú ẹ̀. Èmi ni mo gbé e títí dé ẹnu ọ̀nà àna."

Mi ò gbọ́ èyí rí. Màmá ò sọ fún wa rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ìyá Àgbà ní kí n má wulẹ̀ wá onígbá kiri ọjà, àwọn mọ agboolé tí màá lọ. Ọmọ-ọmọ wọn mú mi débẹ̀, kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Kí a tó yà sínú ọgbà la ti ń gbọ́ ìró kan, kéré-kéré-kéré, bí eku tó ń họ pákó. Bàbá kan àti ọ̀dọ́kùnrin méjì jókòó sórí ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, èérún igbá funfun kún itan wọn bí ìyẹ̀fun.

"Ẹ kú ọnà o, Bàbá."

"Hòo. Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn."

Mo tú ọmọrí sílẹ̀. Bàbá nu ọwọ́ wọn mọ́ ṣòkòtò kí wọ́n tó gbà á. Wọn ò wo ojú rẹ̀. Inú ni wọ́n kọ́kọ́ wò, wọ́n fi èékánná kàn án lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dẹ etí sí i, wọ́n ní ó ṣì yè. Ó wọ̀ mí lára. Gbogbo igbá tí mo ti fi han àwọn ọmọ nínú dígí, a ò gbọ́ ohùn ìkankan rí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i síbi ọnà. Alángbá mẹ́rin ló wà lójú ọmọrí náà, wọ́n forí korí láàárín, ìrù wọn sì lọ́ mọ́ra débi tí ojú ò fi lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Bàbá fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tọ́ka sí ìrù kan.

"Ẹ wò ó. Àwa tó kù, ọwọ́ ọ̀tún la ń lọ́ ìrù sí, torí ibẹ̀ ló rọ ọwọ́ lọ́rùn. Ẹni yìí lọ́ ọ sósì. Alọ́wọ́-òsì ni." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ilé kejì sí ibí ni. Ó ti kú, ó ń lọ bí ogún ọdún. Èmi àti ẹ̀ la jọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ bàbá tó bí mi."

Wọ́n sì dárúkọ rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n tún un pè. Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ọmọrí náà níbi tí kò ní ọnà, kó má baà bọ́ lórí mi. Ó ti tó ọdún 48 tí wọ́n ti fín igbá yìí, kò sì gba Bàbá ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti mọ ọwọ́ tó fín in. Àṣé ìbéèrè ọmọ yẹn tọ̀nà. Wọn ò bi àwọn ará Ọ̀yọ́.

Wíwá igbá tí yóò gba ọmọrí náà ló jẹ ìyókù ọjọ́. Igbá kì í ṣe abọ́ rọ́bà tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde. Bó bá ṣe hù lóko ló ṣe máa rí, ẹnu méjì kì í sì í dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ara igbá kan náà ni wọ́n ti ń la igbá àti ọmọrí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bára wọn mu. Èyí tó jẹ́ ìkejì ọmọrí mi ti fọ́ kí wọ́n tó bí mi. Bàbá já ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, wọ́n fi wọn ẹnu ọmọrí, wọ́n ṣẹ́ ẹ níbi tó dé. A wá wọ yàrá kan tí igbá kún dé àjà. Àwọn wọ̀nyí ti kúrò ní tútù: wọ́n ti fi ayùn là wọ́n, wọ́n ti rì wọ́n sómi títí inú wọn fi jẹrà (òórùn ìgbà yẹn, ọmọ iṣẹ́ kan ní kí n má bèèrè), wọ́n ti họ wọ́n mọ́, wọ́n sì ti sá wọn sóòrùn títí wọ́n fi ń dún bíi pákó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń gbé ẹyọ ìgbálẹ̀ yẹn lé. Ó fẹ̀ jù. Ó kéré jù. Èyí ṣe, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wọ́. Mo ka 37. Ìkẹtàdínlógójì ló gbà á.

Ìgbà tí a ń jáde ni Bàbá bi mí ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Mo sọ. Wọ́n wò mí dáadáa. Láti ìgbà yẹn, wọn ò pè mí ní "ẹ" mọ́.

Ọjọ́rú

Mo dé, Bàbá ní kí n jókòó ná. Bí àgbà bá ti ní kí èèyàn jókòó kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀, èèyàn ti gbọ́ ọ nìyẹn.

Igbá ti là. Ìlà náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, láti ẹnu rẹ̀ dé ìdajì. Ọyẹ́ ló ṣe é, ooru ọ̀sán àti òtútù òru ló fà á síhìn-ín fà á sọ́hùn-ún. Bàbá sì ti fín ọ̀wọ́ kan yípo etí rẹ̀ kí wọ́n tó sùn. Ó dùn mí wọra, mi ò lè pa á mọ́ra.

"Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run," Bàbá wí. "A kàn án lánàá, ó dún dáadáa. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni."

Ìyàwó wọn gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní àwọn máa fi ìko rán an. Ẹ̀kọ ò lè dúró nínú ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èlùbọ́ á dúró. Bàbá rán ọmọ iṣẹ́ kan lọ sóko lórí ọ̀kadà láti kó igbá mìíràn wá, wọ́n ní kí n lọ wo ìlú, kí n má jókòó ti ìbànújẹ́.

Mo lọ sí Akẹ̀sán. Ọjà yìí jóná ní oṣù Kìíní 2020, wọ́n sì ti tún un kọ́. Àwọn oníṣọ̀nà awọ ni mo wá lọ, àwọn tó ń ṣe tìmùtìmù, abẹ̀bẹ̀, báàgì àti bàtà. Ẹ lọ wò wọ́n bí ẹ kò bá tíì rí wọn rí. Awọ pupa ni ilẹ̀ iṣẹ́ náà. Wọ́n á wá gé awọ dúdú, funfun àti yẹ́lò wẹ́wẹ́, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà àti èyí tó dà bí eyín ayùn, wọ́n á tò ó lé pupa yẹn, wọ́n á lẹ̀ ẹ́, wọ́n á rán an. Láyé àtijọ́, pòròpòrò ọkà bàbà ni wọ́n fi ń pa awọ ní pupa. Àgbà kan tó ń gé awọ níbẹ̀ ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, èèyàn máa mọ ọmọ oníṣọ̀nà lára àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, torí pé kì í funfun.

Àwọn baba wọn ló ń ṣe làbà, àpò awọ tí àwọn oníṣàngó ń gbé kọ́ èjìká. Mo bèèrè bóyá ó kù. Wọ́n gbé ògbólógbòó kan jáde láti inú àpótí: ojú mẹ́rin, nínú ojú kọ̀ọ̀kan àwòrán kan tó ká apá ká ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń jó. Wọ́n gbé e kọ́ mi léjìká kí n tó dá wọn lóhùn. Bí mo bá ń kọjá ní Màrínà l'Ékòó, mo máa ń gbójú sókè wo ère idẹ Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ní 1964, èyí tó wà níwájú ilé iṣẹ́ iná mànàmáná. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì máa ń kọ́ àwọn ọmọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ìsàlẹ̀ la ti ń wo ìyẹn. Èyí wúwo lára mi, ó ń gbóòórùn èéfín àti epo.

Ààfin ni mo fi ọjọ́ náà parí. Ọ̀yọ́ tí à ń wò yìí kọ́ ni Ọ̀yọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀yọ́ Ilé wà lápá òkè lọ́hùn-ún, nínú ilẹ̀ tó ti di ọgbà ẹranko ìjọba báyìí, 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ní 1826, nígbà ayé Aláàfin Májòtú, ọmọ Scotland kan tó ń jẹ́ Hugh Clapperton dé ibẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará ìlú náà fẹ́ràn kí wọ́n máa gbẹ́ ọnà sára ilẹ̀kùn àti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ogun tú ìlú. Àtìbà ló tún Ọ̀yọ́ tẹ̀ dó síbi tó wà yìí ní àwọn ọdún 1830. Ẹni tó ń sá fógun kì í ru òpó. Ọwọ́ tó gbẹ́ òpó ló ń gbé lọ, ọwọ́ yẹn náà ló sì dé ibí.

Mo wo kọ̀bì, òrùlé tó yọ síta lẹ́nu ọ̀nà, èyí tó jẹ́ ti ọba nìkan. Mi ò ya fọ́tò. Mo dúró ti òpó kan, mo wo ibi tó dán jù lára rẹ̀. Kì í ṣe ibi ọnà. Ibi tí àwọn tó ń dúró de ọba ti ń fara tì í ni.

Ọjọ́bọ̀

Igbá ò tíì dé láti oko. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó lé ní 50 kìlómítà. Ojú ọ̀nà yẹn ti gba ẹ̀mí púpọ̀, gbogbo wa nínú ọkọ̀ la sì ń ṣàdúrà lọ.

Kìnnìún ni mo bá lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó kàwé ní LAUTECH, yunifásítì tó wà níbẹ̀, ti sọ fún mi lọ́jọ́ tó ti pẹ́ pé bí mo bá fẹ́ rí ère tí ará ìlú fúnra wọn sanwó rẹ̀, tí wọ́n gbé e síta kí gbogbo ayé máa wò ó, kí n rìn yí àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ká ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òtítọ́ ló sọ. Láti ẹ̀gbẹ́ Tààkí, mo rìn wọ àwọn àdúgbò tó yí ààfin Ṣọ̀ún, ọba Ògbómọ̀ṣọ́, ká. Ààfin yẹn fúnra rẹ̀ ní ìtàn: wọ́n ní ibojì orí jagunjagun kan tó ń jẹ́ Ẹlẹ́mọṣọ wà nínú rẹ̀, orí tí Ògúnlọlá, ọdẹ tó tẹ ìlú dó, gé lójú ogun, tó gbé lọ fún Aláàfin, tí ìlú fi ń jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ títí dòní. Mo yà kí wọn níbẹ̀, mo sì ń bá tèmi lọ.

Ilé kan mú mi dúró. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, òdòdó sìmẹ́ǹtì yí fèrèsé rẹ̀ ká. Lókè ẹnu ọ̀nà, kìnnìún sìmẹ́ǹtì méjì kọjú síra wọn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan sókè. Ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n òjò ti jẹ ẹ́. Ojú wọn dà bí ojú èèyàn tó ń ronú. Mo sún mọ́ ọn, mo wá rí i pé eyín wọn kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Àfọ́kù abọ́ tánganran ni, tí ẹnì kan gé wẹ́wẹ́, tó sì gún mọ́ ẹnu wọn nígbà tí sìmẹ́ǹtì ṣì tutù. Lára eyín kan, mo ṣì rí ìlà búlúù etí abọ́ náà.

Baálé ilé jáde síta, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sọ ohun tí mò ń wò. Inú wọn dùn débi tí wọ́n fi ní kí wọ́n gbé àga wá fún mi. Bàbá wọn ló kọ́ ilé náà, Tàmálè ní Gánà ni wọ́n ti ṣòwò. Ẹni tó mọ kìnnìún náà, bíríkìlà lásán ni wọ́n ń pè é, kò rí kìnnìún lójú rí, àwòrán kàlẹ́ńdà kan ni wọ́n gbé fún un. Wọ́n dárúkọ òun náà, mo sì kọ ọ́. Nígbà tí ìjọba Kofi Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá wọn fi ọjà sílẹ̀, ó fi gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ sílẹ̀, ó kó ìyàwó àti ọmọ bọ̀ wálé.

"Òru la dé," wọ́n ní. "Èmi ò mọlé yìí rí. Wọ́n gbé àtùpà sókè, mo rí kìnnìún, mo ké. Bàbá mi ní, 'Má sunkún, tiwa ni.'"

Ní òpópónà yẹn kan náà, mo rí ilẹ̀ méjì tí wọ́n ti wó irú ilé bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ilé àtijọ́ ń jò, ọmọ ń bẹ láti rán lọ sílé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wó o, ǹjẹ́ a rí ẹni kan tó lè ya àwòrán rẹ̀, kó kọ orúkọ bíríkìlà sílẹ̀? Mo ya tèmi. Ó gbà mí ní wákàtí méjì, ìwé mẹ́rin. Mo lo pẹ́ńsù búlúù fún eyín yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì

Igbá ti dé. Mẹ́fà ni ọmọ iṣẹ́ kó wá, ìkejì sì gba ọmọrí. Ó dún "pọ́" nígbà tó jókòó, Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti jẹun.

Gbogbo ọjọ́ ni mo fi jókòó tì wọ́n. Ohun tí mo ti rò pé mo mọ̀ nípa igbá fínfín, mi ò mọ ìdajì rẹ̀. Wọn ò fi pẹ́ńsù ya nǹkan kan sí i. Ìka ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ìka mẹ́ta fún etí, ìka méjì fún ààlà, ìyókù ni ojú ọnà. Wọ́n fi ẹsẹ̀ méjèèjì di igbá mú, wọ́n gbé ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ lé orúnkún, ọwọ́ yẹn ò sì kúrò níbẹ̀. Ọ̀bẹ kì í rìn. Igbá ló ń yí. Ọwọ́ òsì ló ń yí i díẹ̀díẹ̀ wá bá ojú ọ̀bẹ, bí ẹni ń fi ojú ọmọ kọ iná kó lè rí i dáadáa. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á pọn ọ̀bẹ lórí òkúta, wọ́n á fi wò lára èékánná, wọ́n á padà síbi iṣẹ́.

Àwọn alángbá náà, wọn ò fín wọn rárá. Ilẹ̀ tó yí wọn ká ni wọ́n ń họ kúrò títí yóò fi funfun, ohun tí wọ́n bá fi sílẹ̀ ló di alángbá. Ẹsẹ̀ alángbá kan, ìka márùn-ún, kò ju orí ìṣáná lọ, wọ́n fi sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi ṣóńṣó ọ̀bẹ sá a lẹ́yìn ní ìlà wẹ́wẹ́, kó lè dà bí ìpẹ́.

A dé ibi ìrù. Bàbá dáwọ́ dúró.

"Ti òkè lọ sósì," wọ́n ní. "Ti ìsàlẹ̀ ò gbọdọ̀ lọ sọ́tùn-ún. Wọ́n á máa jà."

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ọwọ́ wọn ti ń lọ́ ìrù sọ́tùn-ún. Wọ́n dojú igbá kodò, wọ́n tún un gbé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fín in láti ìdí wá sí ẹnu, kí ọwọ́ ọ̀tún lè ṣe iṣẹ́ ọwọ́ òsì. Ó le. Òógùn bo iwájú orí wọn nínú ọyẹ́ yẹn. Ìrù kan gbà wọ́n tó wákàtí kan. Àwọn ọmọ iṣẹ́ dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìkẹrin pé, Bàbá gbé igbá àti ọmọrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n ní, "Ó máa ń fi mí rẹ́rìn-ín pé ọwọ́ mi le. Kó wá wò ó."

Nígbà tí wọ́n ń mu ẹ̀kọ ni mo bèèrè bí ọjà ṣe ń lọ. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣègbéyàwó ṣì ń ra igbá ìyàwó, àwọn tó ń ṣe ilé oúnjẹ ńlá ní Ìbàdàn àti Èkó náà ń rà láti fi kọ́ sára ògiri. Èyí tí èèyàn ń fi jẹun ni kò tà mọ́. Tánganran ló kọ́kọ́ lé e, rọ́bà ló wá sin ín. Àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì yìí ló kù, agboolé náà ti ní mẹ́sàn-án rí. Ọ̀kan nínú wọn ń wa ọ̀kadà láàárọ̀ kó tó wá.

Onígbá ló ń pe igbá rẹ̀ ní pákàràgbá kí a tó bá a fi kólẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí èyí lọ, ọkọ̀ ojú omi ò sì ní gbé e padà wá fún wa lọ́jọ́ kan tí a ó fi lù ú ní ìlù. Ó wà lórí ẹní níbí, lọ́wọ́ ẹni tó mọ ọn ṣe, lẹ́yìn ọjà. Mo wí fún Bàbá pé bí mo bá padà, màá kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ mi kí wọ́n ra igbá méjìlá fún yàrá iṣẹ́ ọnà wa, kí àwọn ọmọ lè máa fi ọwọ́ kàn án, kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà náà lálẹ́ yìí, kó má di ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo yà fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Àyàn tó ń gbẹ́ ìlù. Igi apá ni wọ́n ń gbẹ́. Mi ò pẹ́ níbẹ̀, ó rẹ̀ mí, ìlù sì tó ìrìn-àjò tirẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo dé agboolé ní aago méje. Bàbá ti fi ẹfun nu ilẹ̀ ọnà, funfun rẹ̀ wá mọ́lẹ̀ kedere. Ti ọmọrí ti pọ́n bí oyin nítorí ọjọ́ orí, ti ìsàlẹ̀ ṣì ń dán. Wọ́n ní kí n má dààmú, bí màmá bá ń lò ó, yóò bá a.

Mo ní mo fẹ́ kí wọ́n fín orúkọ sí ìdí igbá náà.

"Orúkọ màmá rẹ?"

"Rárá o, Bàbá. Ti ẹni tó ṣe ọmọrí, àti tiyín."

Wọ́n wò mí. Orúkọ ìyàwó ni àwọn máa ń fín, wọ́n ní, àti ọjọ́ ìgbéyàwó, nígbà mìíràn ẹsẹ Bíbélì tàbí ọ̀rọ̀ àdúrà. Orúkọ oníṣẹ́, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀ rí. Mo ṣàlàyé dígí yẹn fún wọn, àti ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n pọn ọ̀bẹ.

Orúkọ ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n kọ́kọ́ fín, lẹ́tà ńlá ńlá, wọ́n ń wo èyí tí mo fi pẹ́ńsù kọ kí wọ́n má baà ṣì í. Wọ́n wá fín tiwọn sábẹ́ rẹ̀, ó kéré díẹ̀. Wọ́n ń fẹ́ èérún rẹ̀ dànù nígbà tí ọmọ iṣẹ́ tó kó igbá wá láti oko sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ò ròkè.

"Bàbá, èmi ni mo họ inú ẹ̀ mọ́."

Bàbá yíjú sí i. Mo rò pé wọ́n máa bá a wí. Wọ́n na ọ̀bẹ sí i, wọ́n sún fún un lórí ẹní.

"Fín tìẹ. Má fi ju tèmi lọ."

Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ lórí lẹ́tà àkọ́kọ́, ibẹ̀ wọ́, ìyókù sì tọ́.

Mo sanwó, Bàbá fi ọ̀já so igbá àti ọmọrí pọ̀, wọ́n sì gbàdúrà fún màmá mi pẹ̀lú oríkì tí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi kì wọ́n l'Ékòó. Mo fóònù wọn láti gárééjì Owódé, mi ò sọ nǹkan kan nípa igbá. Mo kàn bèèrè bóyá òótọ́ ni pé obì, orógbó àti ataare ló wà nínú igbá ìyàwó wọn. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Ọjọ́ Ajé ni màá gbé e wọ kíláàsì. Màá dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí tábìlì níwájú ọmọ tó béèrè yẹn, kó lè ka ìdí rẹ̀.